Táyà tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún píkọ́ọ̀pù tí à ń wà lójoojúmọ́: ṣé A/T ni kí n rà ni, àbí M/T?

Arìnnàkore:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin awakọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi. Píkọ́ọ̀pù 4x4 ni mo ń wà, táyà 265/70R17 ni ó sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é. Eyín àwọn táyà náà ti jẹ dé ibi tí n kò lè fi wọ́n ṣe àkókò òjò mìíràn mọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n fi ọ̀rọ̀ lọ̀ yín kí n tó náwó.

Ọkọ̀ yìí ni mo ń gbé lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́, orí ọ̀dà ni ó sì ti ń rin èyí tó pọ̀ jù nínú ìrìn rẹ̀, pẹ̀lú eré tí kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, mo máa ń yà sí ọ̀nà oko kan tó jẹ́ ilẹ̀ amọ̀. Bí òjò bá ti rọ̀, ọ̀nà náà a di ẹrọ̀fọ̀, ipa táyà tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ti gbẹ́ síbẹ̀ a sì jìn débi pé abẹ́ ọkọ̀ mi a máa ha ilẹ̀ tó wà láàárín wọn. Mo tún máa ń kó ẹrù sẹ́yìn rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe ní gbogbo ìgbà.

Ohun méjì ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí. Àkọ́kọ́ ni ìwọ̀n. Mo ń wo 285/70R17, àwọn ọ̀rẹ́ mi sì ń tì mí pé kí n kúkú gbé e dé 35, ìyẹn 35x12.50R17, wọ́n ní bí mo bá ti fẹ́ náwó, kí n ná an lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èkejì ni irú eyín tí yóò wà lójú táyà náà: ṣé A/T tí wọ́n ṣe fún oríṣiríṣi ilẹ̀ ni, àbí M/T tí wọ́n ṣe fún ẹrẹ̀ gan-an? N kò fẹ́ gbé ọkọ̀ náà sókè ju bó ṣe wà lọ bí mo bá lè yẹra fún un. N kò sì ní tan ara mi jẹ, mo fẹ́ kí ó wu ojú pẹ̀lú. Báwo ni ẹ ṣe rí i sí?

Bíréèkì-Kì-í-Purọ́:

Arìnnàkore, ẹ ṣeun tí ẹ sọ bí ẹ ṣe ń lo ọkọ̀ náà, nítorí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń béèrè táyà láìsọ ibi tí wọ́n ń gbé e lọ. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣírò, torí pé àwọn nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn ìbéèrè yín àkọ́kọ́.

265 ni fífẹ̀ táyà yín ní mìlímítà. 70 tó tẹ̀ lé e ń sọ pé gíga ẹ̀gbẹ́ táyà náà jẹ́ ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ yẹn, èyí tó jẹ́ mìlímítà 185.5. 17 ni ìwọ̀n rímù ní íǹṣì, mìlímítà 431.8 sì nìyẹn. Ẹ sọ gíga ẹ̀gbẹ́ náà di ìlọ́po méjì, ẹ ro rímù mọ́ ọn, ẹ ó rí i pé táyà yín ga tó nǹkan bíi mìlímítà 803 láti ilẹ̀ dé òkè. Ìṣirò kan náà yóò fún yín ní 831 fún 285/70R17. Ní ti 35x12.50R17, wọ́n ti kọ gíga rẹ̀ sí i lára, íǹṣì 35, èyí tó jẹ́ mìlímítà 889.

Ẹ wá wo ohun tí ẹ ń wá gan-an, ìyẹn ni pé kí abẹ́ ọkọ̀ má ha ilẹ̀ mọ́. Nínú gíga tí táyà bá fi kún un, ìdajì nìkan ni ó ń gbé abẹ́ ọkọ̀ sókè, nítorí pé ìdajì kejì wà lókè àárín táyà, lábẹ́ mọ́ọ̀gáàdì, níbi tí kò ti wúlò fún yín rárá. Nítorí náà, 285/70R17 yóò fún yín ní mìlímítà 14, èyí tí kò ju fífẹ̀ ìka ọwọ́ kan lọ. 35 yóò fún yín ní 43, ìyẹn sì ju ohun tí a lè fojú kéré lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí yóò gbà lọ́wọ́ yín.

Táyà tó bá ga ń rin ọ̀nà tó gùn sí i nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá yí, aago ìyára kò sì mọ̀ pé ẹ ti pààrọ̀ táyà. Bí aago bá sọ pé 100 ni ẹ ń sá lórí 285/70R17, 103.5 ni ẹ ń sá ní tòótọ́. Lórí 35, nǹkan bíi 110.7 ni. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí a lè tún aago wọn ṣe láti inú kọ̀ǹpútà wọn, àwọn mìíràn kò sì gbà á. Aago kìlómítà náà yóò máa ka ìrìn yín ní kékeré. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń pariwo pé táyà ńlá ń jẹ epo, nígbà tó jẹ́ pé apá kan nínú ìyàtọ̀ tí wọ́n rí kò ju àṣìkà aago lọ. Mo ní apá kan o, nítorí pé ó ń jẹ epo lóòótọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ gíà. Ká ní 3.73 ni ìwọ̀n gíà ìdí ọkọ̀ yín, ìyẹn ni pé ọ̀pá tó ń gbé agbára lọ sẹ́yìn ń yí ní ìgbà 3.73 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá gbé 35 sí i, yóò máa ṣe bí ẹni pé 3.37 ni, ẹ́ńjìnì yóò máa fà pẹ̀lú ìnira láti ibi ìdúró, gíà aládàáṣe yóò sì máa wá ipò tó yẹ kiri lórí òkè kéékèèké. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọkọ̀ náà padà sí bó ṣe wà ní láti yí gíà ìdí àti ti iwájú sí nǹkan bíi 4.10, iṣẹ́ ńlá sì ni. Lórí 285, 3.60 ni yóò dà bíi, ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnì ni yóò sì gbà bẹ́ẹ̀ láìjanpata.

Bíréèkì ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí jù lọ, ẹ sì rí orúkọ mi. Ibi tí bíréèkì ti ń di táyà mú kò yí padà, ṣùgbọ́n ibi tí táyà ti ń kan ilẹ̀ ti jìnnà sí i. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn di ìpẹ̀kun igi ọkọ́ mú tó fẹ́ fi gbé ẹrù tó wà lórí irin rẹ̀: bí igi náà bá ṣe gùn tó ni apá yóò ṣe ro ó tó. Ẹ tún fi ìwúwo kún un, nítorí pé táyà 285/70R17 alágbára lè fi kìlógíráàmù 5 sí 9 wúwo ju èyí tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ yín báyìí lọ, 35 sì tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwúwo tó ń yí ni gbogbo èyí, bíréèkì ni yóò sì dá a dúró nígbàkúùgbà tí ẹni iwájú bá tẹ ti tirẹ̀ lójijì lórí ọ̀dà. Ẹni tó ń fi ọkọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lójoojúmọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn, ju ẹni tó ń rìn jẹ́jẹ́ nínú igbó lọ.

Tèmi ni pé kí ẹ gbàgbé 35. Yóò ha mọ́ọ̀gáàdì yín láìsí àní-àní bí ẹ kò bá gbé ọkọ̀ sókè, ẹ sì ti sọ pé ẹ kò fẹ́ ìyẹn. Rímù tí fífẹ̀ rẹ̀ wà láàárín íǹṣì 8.5 sí 11 ló sì ń béèrè fún, bóyá ni èyí tó bá ọkọ̀ yín dé fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ẹrọ̀fọ̀:

Mo fara mọ́ ìṣirò ẹ̀gbọ́n òkè yìí, àmọ́ ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi nọ́ńbà gbàgbé amọ̀. Ẹni tó bá ti rí ilẹ̀ amọ̀ tó rin gbingbin mọ̀ pé A/T kì í pẹ́ níbẹ̀ kó tó sọnù. Àlàfo tó wà láàárín eyín rẹ̀ kéré, amọ̀ a dí i pa ní ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà ojú táyà a dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́ bí ẹni pé eyín kankan kò sí níbẹ̀ rí. Eyín M/T jìnnà síra wọn, ó sì jìn. Bí ẹ bá fún ẹsẹ̀ epo díẹ̀ tí táyà yí, yóò gbọn amọ̀ náà dànù, eyín tó mọ́ yóò sì tún bu ilẹ̀ jẹ. Eyín tó gun ẹ̀gbẹ́ táyà wá sókè tún máa ń di ògiri ipa ọ̀nà mú nígbà tí ẹ bá fẹ́ jáde nínú rẹ̀.

Bí ẹ bá sì rántí pé amọ̀ kan kò dọ́gba pẹ̀lú òmíràn, fífẹ̀ táyà kì í ṣe ìdáhùn nígbà gbogbo. Níbi tí ilẹ̀ líle bá wà lábẹ́ ẹrẹ̀ tí kò jìn, táyà tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó sì ga ló máa ń gé ẹrẹ̀ náà kọjá débi tí yóò ti rí ẹsẹ̀ gbé lé. Níbi tí kò bá sí ìsàlẹ̀ rárá, táyà tó fẹ̀ tí a ti tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ ló máa ń léfòó. Ọ̀nà oko tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà, ó dá mi lójú pé ó ní ìsàlẹ̀. Nítorí náà, bí èmi ni, 255/75R17 tó jẹ́ M/T ni ǹ bá rà. Gíga rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 814, ó ṣeé ṣe kó wọlé láìha ohunkóhun, kò sì fẹ̀ ju tiyín lọ.

Lóòótọ́, ó máa ń pariwo lórí ọ̀dà. Ẹ tan rédíò.

Ìyá Ẹlẹ́rù:

Ọmọ Ẹrọ̀fọ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni ẹni yìí ń dé inú amọ̀ náà o, kì í sì í ṣe gbogbo ọ̀sẹ̀ ni òjò ń rọ̀. Ọjọ́ tó kù ńkọ́? Orí ọ̀dà tútù ni mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ lé lórí, torí ibẹ̀ gan-an ni M/T ti ń já ènìyàn kulẹ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀.

Ẹ tẹ̀ ba kí ẹ wo ojú táyà A/T tó dára, ẹ ó rí àwọn ìlà tín-ín-rín tí wọ́n gé sójú eyín kọ̀ọ̀kan, bí ẹni fi abẹ gé e. Bí eyín náà bá kan ọ̀dà tútù, àwọn ìlà yìí a ṣí díẹ̀, etí wọn a sì di ilẹ̀ mú, omi tín-ín-rín tó wà níbẹ̀ a sì rí ibi gbà. Ọ̀pọ̀ M/T kò ní ìlà wọ̀nyí, tàbí kí ó ní díẹ̀, nítorí pé eyín tó bá ní ìlà púpọ̀ kò ní le tó láti gbẹ́ ẹrẹ̀. Rọ́bà tó ń kan ilẹ̀ lórí M/T kò sì tó ti A/T, torí àlàfo ló gba èyí tó pọ̀ níbẹ̀. Ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ wá ni pé ọkọ̀ a máa yọ̀ ní kọ́nà, ibi tí yóò dúró sí nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì a sì máa jìnnà sí i. Ẹ tún wo lẹ́tà tó kẹ́yìn nọ́ńbà ẹrù lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà náà: Q ló wà lára ọ̀pọ̀ M/T, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé kìlómítà 160 ní wákàtí ni òpin ìyára tí wọ́n fọwọ́ sí fún un, nígbà tí ọ̀pọ̀ A/T ní S tàbí T, ìyẹn 180 àti 190. N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni sá eré tó bẹ́ẹ̀, mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ irú iṣẹ́ tí ẹni tó ṣe é rò pé ẹ fẹ́ fi ṣe.

Ní ti ariwo, ọ̀rọ̀ rédíò yẹn kò dùn mọ́ mi. Ariwo M/T tuntun ṣì ṣeé fara dà. Èyí tó bá ti jẹ dé ìdajì, tí etí ẹ̀yìn eyín kọ̀ọ̀kan sì ti lọ sílẹ̀ ju etí iwájú lọ, a máa hó bí ẹni pé bíárìn ti bàjẹ́, àwọn kan sì ti tìtorí rẹ̀ pààrọ̀ bíárìn tí kò ní àìsàn kankan. Ẹni tó bá ń yí ipò táyà rẹ̀ padà láti iwájú sẹ́yìn ní gbogbo kìlómítà 8,000 sí 10,000 lè dín èyí kù, ṣùgbọ́n kò lè mú un kúrò pátápátá.

Ẹ̀yin tí ibùgbé yín sì jẹ́ ilẹ̀ tí yìnyín ń bọ́ sí, ẹ wá àmì òkè onísóńsó mẹ́ta tí yìnyín wà nínú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. M+S (ẹrẹ̀ àti yìnyín) tí wọ́n kọ sí i nìkan kò fi hàn pé wọ́n dán an wò lórí yìnyín. Àmì òkè náà ni ẹ̀rí ìdánwò, ọ̀pọ̀ A/T tuntun ni ó sì ní in, tí M/T tó ní in kò sì pọ̀.

Bí A/T lásán bá ń kọ yín lóminú nítorí amọ̀ náà, oríṣi kan wà láàárín méjèèjì tí àwọn oníṣòwò ń pè ní R/T. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jọ ti M/T, àárín ojú rẹ̀ sì jọ ti A/T. Ó wúwo, ṣùgbọ́n mo rò pé òun ló bá irú ìrìn yín mu jù bí ọ̀nà oko yẹn bá burú tó bí ẹ ṣe sọ ọ́.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ẹrù, ẹrù sì ni iṣẹ́ mi. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ìwọ̀n táyà, irú 113 tàbí 116, ń sọ iye tí táyà kan lè gbé. 113 jẹ́ kìlógíráàmù 1,150, 116 jẹ́ 1,250, 121 sì jẹ́ 1,450. Ẹ má ṣe ra táyà tí nọ́ńbà rẹ̀ kéré sí ti àtilẹ̀wá, bó ti wù kó rẹwà tó.

Arìnnàkore:

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ìyá wa, àti ìwọ Ọmọ Ẹrọ̀fọ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ rédíò rẹ. Mo ti fi 35 sílẹ̀. M/T náà ti kúrò lọ́kàn mi, nítorí pé ọ̀dà tútù ni mo ń bá pàdé ju amọ̀ lọ.

Ó ku ibi mẹ́ta. Mo rí 285/70R17 kan náà ní oríṣi méjì, wọ́n kọ C sí ọ̀kan, wọ́n sì kọ E sí èkejì, oníṣòwò sì ní E ni kí n mú torí pé ó le jù. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ dájú pé kò ní ha ohunkóhun kí n tó sanwó mẹ́rin? Afẹ́fẹ́ mélòó ni kí n sì máa fún un, nígbà tí ìwé tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀ sọ iye fún táyà ti àtijọ́?

Bíréèkì-Kì-í-Purọ́:

Lórí C àti E, lẹ́tà náà ń sọ bí ara táyà ṣe lágbára tó láti gba afẹ́fẹ́ àti ẹrù sára. C ń gba afẹ́fẹ́ dé psi 50 (psi ni a fi ń wọn agbára afẹ́fẹ́ inú táyà), D dé 65, E dé 80. Nínú ìwọ̀n 285/70R17, C sábà máa ń jẹ́ 116, E sì jẹ́ 121. Táyà tó bá ọkọ̀ yín dé, bí wọ́n bá kọ P (ìyẹn táyà ọkọ̀ akérò kékeré) síwájú nọ́ńbà rẹ̀ tí ó sì jẹ́ 113, kìlógíráàmù 1,150 rẹ̀ kì í ṣe odindi lórí píkọ́ọ̀pù. A ní láti fi 1.1 pín in, yóò sì ku nǹkan bíi 1,045. Ẹ rí i pé C tó jẹ́ 1,250 ti kọjá a dáadáa. Ẹni tó ń kó ẹrù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò nílò E. E wúwo sí i, ara rẹ̀ gan, ọkọ̀ òfìfo a sì máa fò lórí rẹ̀ ní ojú ọ̀nà tó ní kòtò. Bí ẹ bá ń fa tírélà tàbí tí ẹ ń gba orí òkúta ṣóńṣó, ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn. Oníṣòwò tó ní E le jù kò purọ́, àmọ́ líle kọ́ ni ẹ ń wá.

Lórí híha, ẹ má gba ìdánilójú ẹnikẹ́ni, títí kan tèmi. Ẹ bẹ oníṣòwò kí ó de táyà kan ṣoṣo sí iwájú, lórí rímù yín gan-an, kí ó sì fún un ní afẹ́fẹ́. Ẹ yí sítíárì dé òpin lápá ọ̀tún, ẹ wà á síwájú díẹ̀, ẹ wà á sẹ́yìn díẹ̀, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lápá òsì. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé táyà yẹn gun ohun tó ga, kí sípíríìngì rẹ̀ lè tẹ̀ wọlé, kí ẹ sì tún yí sítíárì. Ibi mẹ́ta ni kí ẹ tan iná wò: ike tó bo inú mọ́ọ̀gáàdì níwájú, irin tí ara ọkọ̀ jókòó lé lẹ́yìn táyà iwájú, àti apá òkè tó di ẹsẹ̀ táyà mú nínú. Bí táyà bá ha ike nìkan, tó sì jẹ́ ní òpin ìyísí nìkan, a lè fi ìgbóná tẹ ike náà wọlé tàbí kí a gé díẹ̀ kúrò. Bí ó bá ha irin, ẹ dá a padà. Ẹ sì rántí pé amọ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ táyà; àlàfo tó tó fún táyà tó mọ́ lè má tó fún táyà tó gbé amọ̀ ọ̀nà oko yín dání.

Ohun kan wà tí ẹ kò béèrè. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta rímù tuntun mọ́ ọn fún yín, ẹ wo nọ́ńbà ET rẹ̀, ìyẹn iye mìlímítà tí ibi tí rímù ti ń kan ọkọ̀ fi jìnnà sí àárín fífẹ̀ rímù náà. Bí tiyín bá jẹ́ ET30 tí tuntun sì jẹ́ ET0, tí fífẹ̀ méjèèjì sì dọ́gba, táyà yóò yọ síta ní mìlímítà 30. Ó máa ń dára lójú, mo gbà. Ṣùgbọ́n táyà tó yọ síta a máa yí ní àyíká tó tóbi nígbà tí ẹ bá ń yí sítíárì, èyí tí kò bá ha tẹ́lẹ̀ yóò wá ha bọ́ǹpà àti ẹ̀yìn mọ́ọ̀gáàdì, bíárìn yóò sì máa ru ẹrù tí wọn kò ṣe é fún. Rímù yín, bó bá ti fẹ̀ tó íǹṣì 7.5, tó fún 285/70R17, èyí tí ó ń béèrè fún 7.5 sí 9.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ lórí abẹ́ ọkọ̀ tó ń ha ilẹ̀. Mìlímítà 14 kò ní yanjú rẹ̀ níbi tí ipa ọ̀nà bá ti jìn jù. Níbẹ̀, ẹ má ṣe wọ inú ipa àwọn ọkọ̀ akẹ́rù rárá: ẹ gbé táyà apá kan lé orí ilẹ̀ àárín, kí ẹ gbé apá kejì lé etí ọ̀nà, kí ipa náà sì gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá. Ó gba ìfarabalẹ̀, pàápàá bí ilẹ̀ bá ń yọ̀, ṣùgbọ́n kò sí táyà tó lè ṣe é fún yín. Irin tí a fi ń bo abẹ́ ẹ́ńjìnì àti gíà náà wúlò ju ìwọ̀n táyà lọ fún ẹni tó ń gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀.

Aláfẹ́fẹ́:

Iṣẹ́ fọkanáísà ni mo ń ṣe, nítorí náà mo mú ìbéèrè afẹ́fẹ́.

Ìwé tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn sọ iye fún táyà tí ọkọ̀ náà bá dé, òótọ́ ni ẹ sọ. Táyà tí wọ́n kọ LT (ti ọkọ̀ akẹ́rù kékeré) síwájú nọ́ńbà rẹ̀ ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tó ju ti P lọ kí ó tó lè ru iye ẹrù kan náà, torí náà ẹ má ṣe fún un ní iye ti àtijọ́, ẹ má sì ṣe fún un ní 50 tàbí 80 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí pé òpin rẹ̀ ni ìyẹn. Àwọn tó ṣe táyà ní tábìlì tó ń fi ẹrù wé afẹ́fẹ́ fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Ẹ bẹ oníṣòwò kí ó fi hàn yín, kí ẹ sì mú iye tó bá ìwúwo iwájú àti ẹ̀yìn ọkọ̀ yín mu.

Láti ibẹ̀, ẹ lè fi ẹfun tàbí ṣọ́ọ̀kì tí a fi ń kọ pátákó wò ó. Ẹ fà á ní ìlà kan tó nípọn kọjá ojú táyà láti etí dé etí, kí ẹ wa ọkọ̀ náà lórí ọ̀dà tó tẹ́ tó sì gbẹ, láìyí sítíárì, kí ẹ wá bọ́ sílẹ̀ wò ó. Bí ìlà náà bá pa rẹ́ ní àárín nìkan tó sì kù sí etí méjèèjì, afẹ́fẹ́ ti pọ̀ jù. Bí ó bá pa rẹ́ ní etí tó kù ní àárín, kò tó. Ẹ máa fi psi méjì méjì dín in tàbí kí ẹ fi kún un títí yóò fi pa rẹ́ dọ́gba, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sọ ọ́ kalẹ̀ ju iye tí tábìlì náà sọ lọ. Ìgbà tí táyà bá tutù ni a ń wọn afẹ́fẹ́, kì í ṣe lẹ́yìn ìrìn. Ọjọ́ tí ẹ bá sì fẹ́ kó ẹrù, ẹ fi kún ti ẹ̀yìn kí ẹ tó gbéra.

Nínú amọ̀, ẹ lè tú u kalẹ̀ dé nǹkan bíi psi 20 kí ojú rẹ̀ lè fẹ̀, bí ẹrù kò bá sí lẹ́yìn tí ẹ sì ń rìn jẹ́jẹ́. Ẹ ra páàmù kékeré tó ń lo bátìrì ọkọ̀, kí ẹ sì fún un padà kí ẹ tó bọ́ sórí ọ̀dà. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò tó tí a wá fi sáré a máa gbóná láti inú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ a sì lè já láìsí ìkìlọ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn lẹ́yìn DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà náà. 2324 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2024. Ẹ wo ti mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, nítorí pé wọ́n lè kó táyà ọdún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún yín. Lẹ́yìn tí wọ́n bá dè é tán, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún àláímẹ́ǹtì ọkọ̀ ṣe, kí ẹ sì padà lọ fún nọ́ọ̀tì rímù pọ̀ lẹ́yìn kìlómítà 80 sí 100, pẹ̀lú sípánà tó ń fi agbára ìdè hàn, kì í ṣe ẹsẹ̀ tí ènìyàn fi tẹ̀ ẹ́.

Ẹnikẹ́ni kò tíì dárúkọ sípíà. Táyà márùn-ún ni kí ẹ rà, kì í ṣe mẹ́rin, kí ẹ sì wọn àyè tó wà lábẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ kí ẹ tó rà á, nítorí pé 285/70R17 lè má wọ ibi tí 265 ti ń gbé. Bí ẹ bá fi sípíà 265 rọ́pò 285 kan, táyà kékeré yẹn yóò máa yí ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ, gíà ìdí yóò sì máa ṣiṣẹ́ láìsinmi láti fara da ìyàtọ̀ náà. Lórí ọkọ̀ tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà nígbà gbogbo, tàbí tí ẹ bá ti 4x4 rẹ̀ wọlé lórí ọ̀dà, ó lè ba gíà tó ń pín agbára jẹ́. Bí kò bá sí owó márùn-ún, ẹ fi sípíà àtijọ́ sí iwájú nìkan, kí ẹ má ti 4x4 wọlé, kí ẹ sì wà á jẹ́jẹ́ dé ọ̀dọ̀ fọkanáísà tó bá súnmọ́ yín jù.